Okùn tí Yèyé Mi Dì Mú Létí Odò

Òórùn kòkó tútù ló máa ń jí mi láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Odode, nílùú Ìdànrè, mọ ohun tí mò ń sọ. Bí wọ́n bá ti ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bo kòkó kúrò, òórùn rẹ̀ a gba gbogbo agboolé, á kan bí ẹmu àná, á sì tún dùn díẹ̀ bí oyin. A ó gbé e rù, ó di orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa, a ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ kí oòrùn rí i. Àwọn ìlú mìíràn ń ra ẹní, wọ́n ń kan pákó láti fi sá kòkó tiwọn. Àwa ń kọ́? Ọlọ́run ti tẹ́ àpáta sílẹ̀ fún wa kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Kò sí ibi tí kòkó ti í gbẹ kíá bíi ti Ìdànrè, kò sì sí ọmọ tó mọ kòkó ṣọ́ lórí àpáta bí èmi. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó wá.

Bí ewúrẹ́ bá ń bọ̀, mo ti lé e kó tó na ẹnu. Bí òjò bá ṣú lẹ́yìn òkè, mo ti ké pe Yèyé mi kí àwọn ará ilé kejì tó gbójú sókè. Ìyọnu mi kan ṣoṣo ni pé láti orí àpáta yẹn, mò ń rí odò.

Odò tiwa yẹn, a kì í pe orúkọ mọ́ ọn. Odò là ń pè é ṣáá, bí ẹni pé kò sí òmíràn láyé. Ó ń bọ̀ láti àárín àwọn òkè, lọ́nà Òkè Ìdànrè tí àwọn baba wa ti sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ń já láti orí àpáta kan dé orí òmíràn pẹ̀lú ariwo. Nígbà tó bá wá dé ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, á dákẹ́, á fẹ̀, á di ìbú kan tó dúdú bí aró. Àpáta kan tó tẹ́jú dà gẹ̀rẹ̀ wọ inú ìbú náà. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọkùnrin ìlú máa ń wà bí ilé ìwé bá ti tú. Wọ́n á bó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á da omi sí èèpo rẹ̀, wọ́n á jókòó lé e lórí àpáta, ó di ṣùúù! ó di gbàmù! wọ́n ti bá ara wọn nínú omi. Àwọn kan ń fi ọwọ́ wá akàn lábẹ́ òkúta. Àwọn kan ń dẹ òkété létí ihò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin nínú wọn ni yanrìn. Ẹni tó bá lè wọ abẹ́ ìbú lọ, kó bu yanrìn jáde, kó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i, ó ti dọ̀gá. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó jókòó sétí odò kó máa ṣọ́ aṣọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Èmi ò tilẹ̀ láṣẹ láti ṣọ́ aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Aládùúrà ni Yèyé mi. Àwọn ọmọ tí ó bí ṣáájú mi kò dúró, kò sì sí èyí tó tẹ̀lé mi. Nígbà tí mo ṣì ń rá lórí ẹní ni Bàbá Wòólì, olórí ìjọ wọn, ríran sí mi. Ó ní òun rí ọmọ yìí lábẹ́ omi, òun sì rí ìyá rẹ̀ létí odò tó káwọ́ lérí tó ń ké. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Kò sọ bó ṣe parí. Yèyé mi sì fi ìparí sí i fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni odò ti di èèwọ̀ fún mi. Omi tí mo ń wẹ̀, inú garawa ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pọn ọ́n. "Ọmọ tí mo fi ẹkún tọrọ," ló máa ń wí, "omi ò ní gbé e lọ lójú mi."

Bàbá mi kì í ṣe Aládùúrà. Oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Aládé ni ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, kì í sì í pa ìsìn ibẹ̀ jẹ. Bó bá ti oko dé tó bá mi lórí àpáta tí mò ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi, á mi orí. "Ìwọ obìnrin yìí," á wí fún Yèyé mi, "ọmọ tí kò mọ omi nílùú olómi, kí lo rò pé yóò gbà á lọ́jọ́ tí omi bá wá bá a?" Yèyé mi á kàn fa aṣọ mi mọ́ra bí ẹni pé omi ti dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Kọ́lá ló burú jù nínú wọn, ọmọ aláta tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Bó bá ti rí mi lórí àpáta, á fi ọwọ́ bo ẹnu, á ké: "Adìyẹ! Adìyẹ Yèyé! Ìrì ń sẹ̀ o, sá sábẹ́ ìró!" Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi ṣubú sínú omi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Dáre ló gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọ adẹ́mu. Ó mú mi lọ sókè odò, sí ibi kòtò kékeré kan láàárín àpáta méjì tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ó jí akèrègbè ẹmu baba rẹ̀ gbé, ó fi ṣùkù àgbàdo dí i lẹ́nu, ó so ó mọ́ mi láyà kó lè máa gbé mi léfòó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo mu omi bí ẹṣin. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà wa nílé ìwé máa ń sọ pé orí mi le, pé n kò lè kọjá kíláàsì kẹta, n kò sì kọjá rẹ̀. Ó tọ̀nà, orí mi le nínú ilé ìwé. Nínú omi, kò sí ohun tí kò yé mi. Kò pẹ́ tí a fi bọ́ akèrègbè sílẹ̀. Kò pẹ́ sí i tí Dáre fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí kí n dúró de òun. Nígbà tí òjò ọdún náà fi dá, mo lè wọ abẹ́ omi kí Dáre máa kọrin létí kòtò, kó kọ ọ́ tán kó tún un bẹ̀rẹ̀, kí n tó yọjú.

Yèyé mi kì í ṣe òmùgọ̀ o. Bí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́, á ní, "Sún mọ́ bí." Á na èékánná, á fi ha mí lójúgun. Ẹ̀yin náà mọ ìdánwò yìí, wọ́n ṣe é fún yín. Ara ọmọ tó bá ti wọ odò máa ń gbẹ, èékánná á fa ìlà funfun sí i bí ṣọ́ọ̀kì lójú pátákó, ìlà yẹn á wá di pàṣán. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló jẹ ẹgba yẹn. Èmi ò jẹ ẹ́. Mo dá ọgbọ́n kan tí ọmọ kankan kò tíì dá rí nílùú náà. Bí mo bá ti jáde nínú omi, mo kọjá síbi tí wọ́n kó kòkó tútù jọ sí. Omi tó ń ro láti inú rẹ̀ yẹn, tó ń fà bí oyin, mo bù ú, mo fi pa ẹsẹ̀ àti apá, mo wá yí ara mi nínú erùpẹ̀. Yèyé mi á ha á, á tún un ha, kò ní rí ìlà. "Ọmọ mi, o mà ṣiṣẹ́ lónìí o," ni yóò wí, á sì fi ẹja kún ọbẹ̀ mi. Mo jẹ ẹja yẹn dáadáa.

Ìyẹn ni mo ń ṣe títí di Ọjọ́ Ìsinmi kan tí Bàbá Wòólì dìde nínú ìjọ tó ní gbogbo ọmọ tó tó bíi tèmi yóò ṣe ìrìbọmi nínú odò ní Sátidé tó ń bọ̀.

Yèyé mi dìde. Obìnrin kì í sábà dìde báyẹn lójú ìsìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ṣeé ṣe kí ẹ bu omi sí tèmi lórí látinú bàsíà? Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì yòókù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìyá Wọlé, ṣé inú bàsíà ni wọ́n ti ṣe ti Jésù?"

"Inú odò ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n Jésù kọ́ lẹ ríran sí. Ọmọ mi ni."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè fi ikọ́ bò ó. Bàbá Wòólì fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kúkúrú, ó fẹ̀ ní èjìká. "Ìyá Wọlé," ó ní, "èmi fúnra mi ni n ó dì í mú."

"Ó dáa," ni Yèyé mi wí. "Èmi náà á dì í mú."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ní lọ́kàn àfi nígbà tí Sátidé dé. Ó ti rán aṣọ funfun kan fún mi, ó rán an tóbi kí n lè máa dàgbà sínú rẹ̀. Ó wá kó gbogbo ọ̀já tó fi pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó so wọ́n mọ́ra wọn di okùn gígùn kan, ó wé orí rẹ̀ mọ́ mi nídìí lórí aṣọ náà, ó sì ta á ní kókó. Mo fẹ ikùn bí ọ̀pọ̀lọ́ nígbà tó ń ta á, kó má baà fún mi pa. Ó di ìdí okùn náà mú, a sì jáde nílé. Ẹ fojú inú wò ó: èmi ọkùnrin, ní ọ̀nà tó gba àárín Odode kọjá, pẹ̀lú okùn nídìí.

Ìjọ ti pé sétí odò, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, agogo ń dún. Ní òdìkejì, àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ ti tò jọ sórí àpáta. Bí Kọ́lá ṣe rí okùn, ayé rẹ̀ dùn.

"Ẹ wá wo ewúrẹ́ o! Mama Wọlé, ṣé títà ni àbí pípa?"

"Mèè-è-è!" ni àwọn yòókù ń ké. "Mèè-è-è!"

Yèyé mi ò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ó wé okùn mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni mo wò wọ́n. Mo rí Dáre láàárín wọn. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó fi tọ́ka sí ìbú, ó wá fi tọ́ka sí àpáta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ohun tó wí bí ẹni pé ó fi ẹnu sọ ọ́. Bí mo bá fi okùn wọ omi, tí mo fi okùn jáde, ewúrẹ́ ni mo máa jẹ́ nílùú yìí títí n ó fi gbéyàwó.

Ó kàn mí. Mo wọ omi. Bàbá Wòólì fi ọwọ́ kan gbá aṣọ mi mú lẹ́yìn ọrùn, ó fi ìkejì dì mí lórí. Ó rì mí ní orúkọ Baba. Ó gbé mi sókè. Ó rì mí ní orúkọ Ọmọ. Mo fara balẹ̀ dúró de ẹ̀kẹta, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí lọ́jọ́ iwájú pé ìrìbọmi mi ò pé. Bí orí mi ti wọ omi lẹ́ẹ̀kẹta, mo fa ikùn wọlé, ikùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo sì yọ́ gba ìsàlẹ̀ aṣọ náà jáde bí ẹja àrọ̀ ṣe ń yọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mú.

Abẹ́ omi dákẹ́. Ariwo òkè dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nílé kejì. Mo tẹ̀ lé àpáta lọ sísàlẹ̀ níbi tí omi ti tutù wọ eegun, etí ń dún mi, mo tẹ̀ síwájú títí ọwọ́ mi fi kan yanrìn. Mo bù ú lẹ́kùn-ún ọwọ́. N kò kánjú. Kí ni n ó kánjú sí? Mo yí ara, mo forí lé òdìkejì.

Dáre ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè fún mi, ó sì sọ ọ́ láìmọye ìgbà kó tó kúrò nílùú. Ó ní Bàbá Wòólì gbé mi sókè ní orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́, aṣọ sì gòkè, apá aṣọ náà méjèèjì nà gbọọrọ, omi ń dà lára rẹ̀, kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Bàbá Wòólì wo aṣọ. Ó wo omi. Yèyé mi fa okùn, aṣọ já mọ́ Bàbá Wòólì lọ́wọ́, ó ń wọ́ bọ̀ wá bá a létí odò ní òfìfo. Ìgbà náà ló ké. Dáre ní òun ò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, pé àwọn ẹyẹ inú igbó òkè dákẹ́. Ó káwọ́ lérí, ó fẹ́ bẹ́ somi, àwọn obìnrin ìjọ dì í mú níbàdí. Agogo bọ́ sódò. Àwọn ọmọ orí àpáta fọ́n ká, Kọ́lá ló ṣáájú wọn, kò sì wẹ̀yìn títí ó fi dé ìsọ̀ ìyá rẹ̀.

Mo yọ lẹ́bàá àpáta òdìkejì, mo gùn ún. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi, ibi tí wọ́n rò pé mo rì sí ni gbogbo wọn ń wò. Mo dúró nínú ṣòkòtò péńpé mi, mo gbé ọwọ́ sókè, yanrìn ń ṣàn sílẹ̀ lápá mi.

"Òun nìyẹn!" ni Dáre ké. "Ẹ wo Wọlé o! Ó bu yanrìn!"

Wọ́n yíjú. N kò lè gbàgbé bí gbogbo aṣọ funfun yẹn ṣe yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Yèyé mi wò mí. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsìn. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ.

"Wá."

Mo wẹ̀ padà. N kò gba abẹ́ omi. Òkè ni mo gbà, mò ń na apá kọ̀ọ̀kan sókè dáadáa kó lè rí i. Bí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá mi létí, gbígbá tó jẹ́ pé bí mo bá dákẹ́ mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ó wá fa orí mi mọ́ àyà, ó dì í mú bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí mi.

Gbogbo wọn ń wo Bàbá Wòólì. Ó ti jókòó sórí òkúta, ó ń fún omi lára aṣọ rẹ̀.

"Ìyá Wọlé, ohun tí wọ́n fi hàn mí nìyí. Ọmọ lábẹ́ omi, ìyá létí odò tó ń ké. Wọn ò fi ohun mìíràn hàn mí. O ti ké e. Ó ti ṣẹ, ó sì ti kọjá."

Àwọn kan nílùú sọ lẹ́yìn náà pé ó fi bojú ni. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Yèyé mi wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wo odò, ó wò mí. Ó tú ọ̀já kúrò lára aṣọ òfìfo náà, ó gbọn omi rẹ̀ nù, ó wé e mọ́ ìdí ara rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Lọ padà. Kí n fi ojú ara mi rí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lọ! Mo wẹ̀ ẹ́ lọ, mo wẹ̀ ẹ́ bọ̀, ìjọ gbé orin sókè, àwọn ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́, Yèyé mi dìde nínú ẹrẹ̀ ó ń jó pẹ̀lú omijé lójú. Mo tún wọ abẹ́ omi, mo gbé agogo ìjọ jáde fún wọn. Kí Bàbá mi tó ti oko dé nírọ̀lẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀yà léjìká, ó fẹjú mọ́ mi, ó ní, "Ọkùnrin, kú odò!" Itan ọ̀yà yẹn, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni olórí odò. Èmi ni mo kọ́ Kọ́lá fúnra rẹ̀ bí a ti í bu yanrìn, ó sì ń pè mí ní ọ̀gá bó tilẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Bí garawa obìnrin kan bá bá omi lọ, bí ewúrẹ́ ẹnì kan bá jábọ́ sódò, èmi ni wọ́n ń sáré wá ké pè lórí àpáta kòkó. Yèyé mi gan-an ló sì máa ń dáhùn fún mi: "Ẹ dúró, ọmọ mi ń bọ̀."

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jọ dàgbà ló níṣẹ́ tó ju tèmi lọ. Àwọn kan wà ní ọ́fíìsì l'Ákùúrẹ́, àwọn kan wà l'Ékòó. Inú mi dùn sí wọn. Èmi náà ò jókòó lásán: mo kọ́lé alájà, mo ní ọkọ̀ tó ń kó kòkó, àwọn ọmọ mi sì ń ka ìwé tí èmi ò lè kà. Ikùn ti yọ, irun ti ń funfun. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi tó kéré jù ní kí n wá fi ibi tí mo ti bu yanrìn han òun. Mo bọ́ agbádá. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀ ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́ o, ẹ wo ara yín!" Mo wọ̀ ọ́. N kò gba abẹ́ omi, òkè náà tó mi. Nígbà tí mo fi dé àárín, àyà mi ń lù bí ẹni ń gún iyán. Ọmọkùnrin ìgbà yẹn ìbá ti lọ, ìbá ti bọ̀, ìbá sì ti jókòó máa fi mí rẹ́rìn-ín lórí àpáta.

Ṣùgbọ́n mo dé òdìkejì.